Àkùkọ Tí Wọ́n Gbé Lé Bàbá Yẹ́misí Lọ́wọ́

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fi ọgbọ́n tí èmi fúnra mi kọ́ wọn dójú tì mí níwájú bàbá Yẹ́misí, àfẹ́sọ́nà mi! Ó ti pẹ́, àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ bá wa dá a.

Ní nǹkan bí ọdún 1993 ni. Èmi, Báyọ̀ olùkọ́ ìṣirò àti Dúró olùkọ́ bàólọ́jì jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé kan ní Ìlọ́fà.

Yunifásítì ni mo ti kọ́ ọgbọ́n náà. Bí o bá ń kí èèyàn, máa béèrè àlàáfíà ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì na ẹrù ọwọ́ rẹ sí i. Má wo ẹrù náà o! Má sì dánu dúró. Yóò gbà á ni. Ṣé ọmọ Yorùbá lè gbọ́ "ìyá ńkọ́?" kó má dáhùn?

Mo dán an wò lára Báyọ̀. Mo béèrè ìyá rẹ̀, mo béèrè àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kórò, mo béèrè iṣu oko wọn. Kó tó mọ̀, agboòrùn mi, páálí ṣọ́ọ̀kì àti bàtà mi ẹsẹ̀ òsì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀!

"Ta ló fún mi ní bàtà?"

Dúró rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òun ò lè gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Kò pẹ́ rárá, òun náà di aago ilé ìwé mú, ó ń sọ fún mi pé ẹsẹ̀ bàbá òun ti ń sàn.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n sìn mí lọ sí Ìsólò-Òpin, kí n lọ fojú han bàbá Yẹ́misí. Àgbẹ̀ ni, alàgbà ìjọ sì ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ọkùnrin kan padà rí torí pé ó dúró kí òun! Mo kìlọ̀ fún wọn pé kò sáàyè eré. Wọ́n ní ó ti yé àwọn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó dìde, Báyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kúulé o, Bàbá. Oko ńkọ́? Àwọn ọmọ tó wà ní Kàdúná ńkọ́?" Bàbá ń dáhùn. Nígbà tí mo gbójú sókè, àkùkọ tí a gbé wá ti wà lápá Bàbá, Dúró sì ń na báàgì sí i!

Ọmọdé kó ẹrù lé àgbà lọ́wọ́! Ẹ gbà mí!

Àkùkọ kọ, Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ta ló kọ́ yín nírú ìwà yìí?"

Àwọn méjèèjì nàka sí mi. Kíá!

Bàbá pe èmi nìkan wọlé. Kò tiẹ̀ bá mi wí. Ó béèrè ìyá mi, ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin. Mo ń dáhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìgbà tó dákẹ́ ni mo rí i pé ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi!

"Ó dáa. Ebè la fẹ́ kọ ní Sátidé. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dání."

Ọkọ́ kẹ̀! Ta ni wọ́n ń pè sí ọ̀wẹ̀ oko àna, bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n ti gbà? Ẹ̀rín Yẹ́misí ni mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tí o ò bá fẹ́ kí àna rẹ rí, má fi kọ́ ọ̀rẹ́. Kí ni ọ̀rẹ́ tiyín náà ti fi ojú yín rí? Ẹ sọ ọ́ síbí o.

Àmọ́ Báyọ̀ àti Dúró ni kó kọ́kọ́ dáhùn. Láti àárọ̀ Sátidé yẹn tí mo fi ń dá kọ ebè, níbo lẹ wà? Ta ló sì sọ ìgbà tí iyán máa kúrò nínú odó fún yín gan-an?