Ilà Wẹ́wẹ́ Ara Mọ́tò Bàbá Mi

Ní ìgbà kékeré mi ní Ìta Fájì, mọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní agboolé wa, bàbá mi ló sì ni ín. Dúdú ni. Wọ́n ti lò ó kó tó dé ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n ó ń dán débi pé àwọn obìnrin ilé máa ń wo ojú ara wọn níbẹ̀ láti wé gèlè.

Kò sí àyè tí a lè gbé e sí. Iwájú ilé, lábẹ́ páànù, ni opó kan tó wá láti Èkìtì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ayálégbé wa ni, Ìyá Aránṣọ là ń pè wọ́n. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ìyá Aránṣọ ò jiyàn. "Kò burú, Alájì," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Àìjiyàn yìí gan-an ni bàbá mi ò gbàgbé. Wọ́n ní ẹni tí a gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bínú, ó ń gbèrò nǹkan ni.

Ní Jímọ̀ kan, bàbá mi fọ mọ́tò tán ní gbangba gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, oòrùn sì ràn sí i lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ilà wẹ́wẹ́, tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti lára ilẹ̀kùn. Wọ́n kàn ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àlùmọ́gàjí Ìyá Aránṣọ ti ń dún.

Wọ́n pè mí sí yàrá. "Ìwọ lojú rẹ mú jù. Jókòó sójú fèrèsé. Ohunkóhun tí Ìyá Aránṣọ bá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wá sọ fún mi."

Báyìí ni mo di alamí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ obìnrin tó máa ń fún mi ní àjákù aṣọ fún ọmọláńgidi mi. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti ń ṣọ́ èèyàn, kò sí ohun tí yóò ṣe tí kò ní jọ ti ọ̀daràn. Bí wọ́n wúkọ́, mo ní àmì ni. Bí wọ́n wẹ̀yìn, mo ní ọkàn wọn ò balẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fi ọwọ́ òsì ra ilẹ̀kùn. Mo sáré lọ sọ. N ò sọ pé ọwọ́ òsì tó ṣófo ni wọ́n fi ra á.

Bàbá mi bọ́ síta. "Ìyá Aránṣọ, kí lẹ fi mọ́tò mi ṣe?"

"Fọ́nrán òwú ló lẹ̀ mọ́ ọn, Alájì. Mo ní kí n mú un kúrò ni."

"Òwú! Òwú ló ń họ mọ́tò?"

Gbogbo agboolé ti jáde. Ìyá Aránṣọ gbójú sókè, wọ́n rí mi lójú fèrèsé. Bàbá mi ní kí wọ́n wá ilé mìíràn kí oṣù tó parí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi mú ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan wá láti Ìdúmàgbò, pẹ́ńtà mọ́tò ni. Ó ní kí a kọ́kọ́ ti mọ́tò sí abẹ́ òjìji. Ó fi èékánná fa orí ilà náà. "Èékánná mi ò há," ó ní. "Kò jìn, ojú ọ̀dà ló wà. Ó máa lọ."

Ó fi omi tó mọ́ ṣàn án, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ bu kọ́mpáùndì díẹ̀, ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà, ó ń ra á jẹ́jẹ́, kò ní kúrò lójú kan àfi bó bá dán. Ó ní èyí tí kò bá parẹ́, ìda tí wọ́n ń pè ní wáàsì á dí i lójú. Bàbá mi dúró tì í bí ọlọ́pàá, bí ẹni pé ó lè jí ọ̀dà lọ.

"Alájì, ta ló ń fọ mọ́tò yìí?"

"Èmi fúnra mi. N kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

Bàbá mi nawọ́ sí àkísà tó wà nílẹ̀. Pẹ́ńtà gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, iyanrìn sì dà sílẹ̀. "Ẹni tó bá fi irin họ mọ́tò, ilà gbọọrọ ló máa fà. Èyí rí róbótó róbótó, bí ọwọ́ ṣe ń yí. Ọwọ́ yín ni, sà. Ẹ má bínú."

Ẹ ò ní gbà gbọ́: bàbá mi fura sí pẹ́ńtà náà. Wọ́n bi í bóyá Ìyá Aránṣọ ló rán an níṣẹ́. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni bàbá mi bá gba àkísà, wọ́n fi ra ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dán. Nígbà tí a ti mọ́tò padà sóòrùn, ilà róbótó ti yọ níbẹ̀.

Bàbá mi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n lóṣòó. "Ìyá, ẹ dákun, mo ṣì yín mú."

"Mo ti gbọ́, Alájì. Ọlọ́run á dárí ji gbogbo wa."

Síbẹ̀, Ìyá Aránṣọ kó lọ kí oṣù tó parí. Lọ́jọ́ náà, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Ìyá Aránṣọ ní, "Dìde, ọmọ mi. Ẹni tó rán ọ ni mo mọ̀." Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ pa mí lórí bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń ya fídíò ló wà lẹ́nu géètì ilé tí ọmọ mi ń gbé. Bí ilà bá wà lára mọ́tò rẹ̀, fóònù ló máa wò láti mọ ẹni tó kọjá. Ó dá gbogbo mọ́tò àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ̀, kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Nígbà tiwa, a máa ń fura, ó burú, ṣùgbọ́n ẹni tí a fura sí, a mọ yàrá rẹ̀, a sì lè lọ lóṣòó níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tòde òní, bí ẹ bá ṣi èèyàn mú, ilẹ̀kùn ta ni ẹ máa kàn?