Ọ́kíìdì Bàbá Ó-Ń-Sùn

Ọjọ́ tí bàbá atún-aago-ṣe gbé ìkòkò erùpẹ̀ lásán lọ síbi ìdíje òdòdó ni orúkọ tuntun mọ́ ọn lára. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, òdòdó oríṣiríṣi ń dán gbinrin. Bàbá wọ súùtù, ó gbé àyà síwájú, ó dúró ti ìkòkò tirẹ̀. Ewé kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Olórí àwọn onídàájọ́ yí ìkòkò náà ká títí, ó wá béèrè ibi tí òdòdó wà.

"Ó ń sùn," ni bàbá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní kó gbé e kúrò, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí ọba bá sùn, ṣé wọ́n á ní kì í ṣe ọba mọ́ ni? Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn fi báàgì bo ojú. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pe bàbá ní Ó-Ń-Sùn, ó sì ń jẹ́ ẹ bí oyè.

Irọ́ kọ́ ni bàbá ń pa o. Òdòdó tí òyìnbó ń pè ní ọ́kíìdì ni, ti inú igbó, irú èyí tí í hù lórí ilẹ̀, tí kì í lẹ̀ mọ́ igi. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ewé rẹ̀ a gbẹ dànù, iṣu rẹ̀ kékeré a sì máa sùn lábẹ́ ilẹ̀ títí òjò mìíràn. Inú igbó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti rí i, lọ́jọ́ tí àwọn aṣe-ọ̀nà gbé katakata wá láti tú igbó náà ká. Bàbá dúró síwájú katakata. Ó ní kí awakọ̀ mú sùúrù, òun á bá a tún aago rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Awakọ̀ ní òun kò ní aago. Bàbá bọ́ tọwọ́ ara rẹ̀ fún un, ó sì gbé ọ́kíìdì lọ sílé tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ìyàwó rẹ̀, orogún ló sì ń pe òdòdó náà. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá rìnrìn àjò, ó fẹ́ ṣe é lóore. Ohun gbogbo tí ọwọ́ agbẹ̀bí bá kàn, sísè ni, kí kòkòrò àìsàn lè kú. Ó hú ọ́kíìdì, ó fi omi gbígbóná se erùpẹ̀ rẹ̀ títí ó fi hó yaya, ó wẹ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó tún un gbìn. Nígbà tí bàbá dé, ewé ti ń pọ́n. Ó wo erùpẹ̀, ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ló wí, "olú tín-ín-tín kan wà nínú erùpẹ̀ yẹn, fọ́nrán rẹ̀ funfun bí òwú. Òun ló ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Alásè rẹ̀ lo sè."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ síbi tó ṣẹ́ kù nínú igbó, wọ́n bu erùpẹ̀ tòun ti ewé jíjẹrà wá. Ìyàwó ló ru àpò, bàbá ló ń pàṣẹ. Ọ́kíìdì gbà, ó yè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bàbá kú, nígbà tí kò sí nǹkan kan lójú ìkòkò. Ọmọ wọn ọkùnrin fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù nígbà tó ń tún fàráńdà ṣe. Màmá ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti onítọ̀hún á jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Ẹ̀rù ń bà á. Bí èyí bá kú mọ́ òun lọ́wọ́, á dà bíi pé ọkọ òun kú lẹ́ẹ̀kejì. Láràárọ̀ ló ń bu omi sí ife, tó bá sì rántí pé bàbá ní omi àkókò oorun ló ń mú iṣu rẹ̀ jẹrà, á gbé ife náà mu fúnra rẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Koríko gbogbo hù, ìkòkò dákẹ́. Ọkàn màmá ti ń pami. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i tí ohun kan yọrí láwọ̀ ewé, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Igi òdòdó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òdòdó là. Kékeré ni, kò tó èékánná.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Màámi, ṣé gbogbo ariwo tí Bàámi ń pa náà rèé?"

"Bọ́ fìlà ẹ," ni màmá wí. "Sún mọ́ ọn. Wo ilà inú ẹnu rẹ̀. Ta lo mọ̀ nílùú yìí tó tọ́ irú ẹ̀ rí, yàtọ̀ sí bàbá rẹ? Yàtọ̀ sí èmi?"

Ìgbéraga yẹn jọ ti olóògbé débi pé ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ gan-an. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti dúró lẹ́nu géètì, ó ń pe gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí wọ́n yà wá wo òdòdó ọkọ òun.