Ẹ́ńjìnnì Tó Gbàgbé Bí Wọ́n Ṣe Ń Jókòó

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Lisiate ọkọ mi jẹ́, ẹ fún un ní ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn, kí ẹ sì jìnnà sí i. Á kọ́kọ́ yí i po. Á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ọ̀rọ̀ kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní gúúsù ʻEua, erékùṣù wa, kí n tó fẹ́ ẹ, gbogbo ìjà tí a sì ti jà látìgbà náà, èmi nìkan ni mo dá a jà.

Ní Sátidé kan, ó ṣe sáfíìsì ọkọ̀ ilé wa. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó tú bátìrì kúrò kó lè ha ìpẹtà tí afẹ́fẹ́ òkun kó bá a, ó sì fọ èédú tó dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Nígbà tó máa tò ó pa dà, oòrùn ti ń wọ̀. Ní ilé ìyá rẹ̀, iṣẹ́ Sátidé kì í rí àtùpà, nítorí ọjọ́ Ìsinmi kì í ṣe tiwa.

Ìyá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Lisiate, ó tó."

Lisiate ṣíná, ẹ́ńjìnnì gbà, ó sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lọ wẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ní abúlé ti lọ sí àpéjọ ìjọ ní òpin erékùṣù lọ́hùn-ún. Àwa dúró ti Àǹtí Kalolaine, ẹ̀gbọ́n Lisiate obìnrin, tó wà nínú oyún. Ọkọ rẹ̀ ń já èso lóko olóko ní Niu Sílàńdì. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ lọmọ kọ sísàlẹ̀, pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bí i sílé. A rò pé ọjọ́ ṣì wà. Bí mo ṣe ń bo oúnjẹ mọ́ inú kòtò gbígbóná tí a fi ń sè é ni omi Àǹtí dà. Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní ọkọ̀ wọn ti gbé aláìsàn lọ sí èbúté, kí a tètè máa gbé e bọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í bá arábìnrin rẹ̀ jókòó sínú yàrá kan náà tí wọ́n bá ti dàgbà. Tó bá wọlé, ọkùnrin á jáde. Ohun tó bá kan ara rẹ̀, a kì í sọ ọ́ sétí ọkùnrin náà. Nítorí náà ohun tí mo sọ fún Lisiate kò ju pé, "Gbé ọkọ̀ jáde, Àǹtí ń lọ sílé ìwòsàn." Ó wo ojú mi, ó sáré.

A ti tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, mo ti gbé Àǹtí lé e, kí Lisiate tó ṣíná. Ẹ́ńjìnnì gbà, ó gbọ̀n, ó kú. Ó tún ṣíná. Tó bá fún un lépo, á ké ramúramù. Tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á kú. Ó fi epo sí i, ó fà á sí jíà, ọkọ̀ fò síwájú, ó ku díẹ̀ kó kọlu igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó sì kú síbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fọ́n ká. Àǹtí lọgun lẹ́yìn ọkọ̀.

Lisiate bọ́ sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Mo ní, "Wà á lọ bẹ́ẹ̀."

"Kò ṣeé wà. Tó bá kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, bíréèkì á le gbagidi. Inú ọ̀gbun la máa bá ara wa." Ó ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìyá rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lisiate, sípánà lọ́jọ́ Súńdè?"

Mo ní, "Ìyá, ṣé kó fi orin ìyìn tún un ṣe ni?"

"Tó bá jẹ́ pé ẹnu la fi ń wakọ̀, Pasepa, ẹ̀ bá ti débẹ̀."

Ẹ̀rù ló ń ba àwa méjèèjì, òun la ṣe ń bú ara wa. Lisiate fi ọ̀pá rọ́bà kan sí etí, ó ń gbé orí kejì ọ̀pá náà kiri ara ẹ́ńjìnnì bóyá á gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò nígbà tí mo bá ṣíná fún un. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ gbogbo ìdè wò, kò sí èyí tó tú. Bátìrì sì ti ń rẹ̀. Àǹtí tún lọgun, sípánà já bọ́ lọ́wọ́ Lisiate.

Mo lọ dúró níwájú rẹ̀. "Tí o bá tún irú èyí ṣe fún ará ìta, kí lo máa ń ṣe gbẹ̀yìn tí o ò ṣe lánàá?"

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wá wo ilẹ̀. "Mi ò jẹ́ kó jókòó."

"Kó jókòó bíi ti báwo?"

"Tí a bá tú bátìrì, gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnnì mọ̀ ló máa gbàgbé. Ọ̀nà tó fi ń mí sì ti mọ́, kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, láìsí fáànù, láìsí iná, kó fúnra rẹ̀ kọ́ bó ṣe máa mí. Àmọ́ oòrùn ti wọ̀."

Ìyá gbọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó máa pẹ́ tó báwo?"

"Bíi kí èèyàn wàásù kúkurú."

Mo ní, "Kúkurú ti ta ni? Má sọ pé ti pásítọ̀ wa."

Ẹni tó máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jókòó sídìí sìtíárìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń rọbí lẹ́yìn ibẹ̀. Kó tó gbọ́ igbe rẹ̀ ló wọlé nígbà àkọ́kọ́; báyìí, Lisiate di ilẹ̀kùn mú, kò lè wọlé. Mo fẹ́ tì í.

Ohùn Àǹtí jáde láti inú ọkọ̀. "Pasepa, sọ fún àbúrò mi kó wọlé. Èmi ni mo ní kó wọlé."

Obìnrin ló ga ju arákùnrin rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tó lè yí ọ̀rọ̀ yẹn pa dà. Mo tún un sọ fún un bí ẹni pé kò gbọ́. Ó wọlé, ó kọjú síwájú.

Ó ṣíná, ó fi ẹsẹ̀ gbé e ró títí ara ẹ́ńjìnnì fi gbóná. Ó wá ń dín epo kù díẹ̀díẹ̀. Inú ọkọ̀ gbóná bí ààrò. Èmi wà lórí ẹní, orí Àǹtí wà lórí itan mi. Ìrora mìíràn dé. Mo rí i tó la ẹnu láti ké, ó wo ẹ̀yìn orí àbúrò rẹ̀, ó sì gbá apá mi mú, ó deyín mọ́ ọn. Kò ké. Èmi náà kò ké.

Lisiate gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo pátápátá. Ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó tún wálẹ̀.

Mo ní, "Fún un lépo, ó ń kú lọ."

"Rárá. Tí mo bá ràn án lọ́wọ́, kò ní kọ́ ọ."

Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ọmọ ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, ọkùnrin yìí ká ọwọ́ sórí itan. Ẹ́ńjìnnì sé èémí bí ẹni tó fẹ́ sín, ó kọ́sẹ̀, ó gbéra. Ó tún rẹlẹ̀, àmọ́ kò rẹlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Àǹtí tú apá mi sílẹ̀, ó mí, ó tún gbá a mú. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òwe tó rọrùn fún ẹni tí wọn kò ge jẹ ni.

Ẹ́ńjìnnì wá jókòó. A kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju kùn-ùn kan tó tẹ́jú. Lisiate fà á sí jíà, ọkọ̀ kò fò. A sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ wa, a dúró dè wọ́n, ẹ́ńjìnnì kò kú.

Bí wọ́n ṣe gbé Àǹtí wọ ilé ìwòsàn báyìí ni ọmọ dé, obìnrin, ẹsẹ̀ ló fi wá. Àǹtí àti ọmọ là á já.

Nígbà tí mo jáde, Lisiate ṣì wà nínú ọkọ̀, kò tíì pa á. Kò lè béèrè, ó kàn ń wò mí.

Mo ní, "Obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ọmọ ti gba ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹ." Àṣà wa ni: ohun tó bá wu ọmọ arábìnrin ẹni lára ohun ìní ẹni, tirẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ọkọ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ìgbà náà ló rí apá mi, tó ti wú tó sì ti dúdú.

"Ta ló ge ẹ́ jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Kò fẹ́ ké, kó o lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì."

Ó ní, "Mo rò pé ìrora náà ti dá ni." Ó gbé orí lé sìtíárìn, ó sunkún, mo sì dúró tì í.