Ẹni Tí Bàbá Mi Kọ́ Ní Pípààrọ̀ Táyà

Bàbá mi kọ́ àbúrò mi ọkùnrin bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà. Wọn kò kọ́ èmi. Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí a wà lọ́mọdé ní àdúgbò Jenta Adamu, àwọn méjèèjì a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ wọn a dúdú fún gírísì, wọn a máa rẹ́rìn-ín ohun tí n kò gbọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé tíì jáde kí n sì padà wọlé. Ohun tí mo mọ̀ lónìí, inú ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni mo ti kà á, mo sì ń ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára. Mo ti di olùkọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìlara àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé Bàbá lọ ra ànàmọ́ òyìnbó ní ọjà Farin Gada. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú òwò aṣọ tí bàbá tiwọn gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn ṣa ànàmọ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀, nítòsí Tina Junction, ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Táyà ẹ̀yìn kan ti jò.

N kò tẹ búrẹ́kì lójijì. Mo rọra yà kúrò lójú títì títí mo fi rí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, nítorí jáàkì a máa rì sínú ilẹ̀ rírọ̀. Mo tan iná ìkìlọ̀, mo fa búrẹ́kì ọwọ́, mo sì gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sẹ́yìn lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí awakọ̀ yóò ti tètè rí i. Mo kó àwọn àpò ànàmọ́ kúrò nínú búùtù kí ọwọ́ mi tó tó táyà sípíà. Mo fi òkúta dí àwọn táyà iwájú, mo sì fi sípánà dẹ gbogbo nọ́ọ̀tì táyà tó jò díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ó wá ku kí n gbé ọkọ̀ sókè. Bàbá ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, fìlà lórí, ọwọ́ lórí orúnkún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀."

"Kí n lọ dúró síbo? Kí wọ́n máa wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tí wọ́n lé nílé? Haba! Àbúrò rẹ kì í ní kí n bọ́ sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń lé àgbà dìde níbi tó jókòó sí, àbúrò mi a sì máa fi jáàkì gbé ọkọ̀ àti Bàbá pọ̀. Ìbọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n bí jáàkì bá yẹ̀, ìbọ̀wọ̀ kò ní gbé ọkọ̀ dúró.

Mo ní n kò ní gbé ọkọ̀ sókè bí Bàbá kò bá bọ́ sílẹ̀. Bàbá kò bá mi jiyàn. Wọ́n pe àbúrò mi lórí fóònù. Ó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá.

"Yauwa! Ọmọ mi ti dé. Wá gbà mí lọ́wọ́ Pùròfẹ́sọ̀ yìí."

"Bàbá, ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́." Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ìwé wo ló tún ní kẹ́ ẹ má gbé ọkọ̀?"

Ó gba jáàkì àti sípánà lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ síbi tí mo ti tọ́jú sílẹ̀. Bàbá na ọrùn láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo oúnjẹ tó ń ta sánsán. Mo wá ìgbà tí wọ́n wo èmi bẹ́ẹ̀ rí, dé orí ọjọ́ tí mo gboyè ọ̀mọ̀wé. N kò rí i. Inú mi ń gbóná, àbúrò mi sì ti ń yí jáàkì. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo wọlé, mo jókòó.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo jókòó tì yín ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó gbé àwa méjèèjì."

"Kai! Bọ́ sílẹ̀! Tí nǹkan yìí bá yẹ̀ ńkọ́?"

Àbúrò mi dáwọ́ dúró. Bàbá náà ti gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara wọn. Wọ́n kùn, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó lórí àpò ànàmọ́, wọ́n sì kẹ̀yìn sí títì kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Nítorí tèmi ni ẹ̀rù ṣe bà wọ́n. Mo gbà á bí ẹ̀bùn.

Èmi náà bọ́ sílẹ̀, mo sì nawọ́ sí àbúrò mi pé kó fún mi ní jáàkì àti sípánà. Àbúrò mi wo Bàbá.

"Kó wọn fún un," ni Bàbá wí.

Mo gbé ọkọ̀ sókè, n kò ki apá tàbí ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo yọ táyà, mo fi sípíà rọ́pò, mo fi ọwọ́ yí àwọn nọ́ọ̀tì wọlé, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi sípánà fún àwọn nọ́ọ̀tì náà pinpin, láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èyí tó kọjú sí i, kí táyà lè jókòó déédéé.

Bàbá dìde. Àbúrò mi ni wọ́n pè. "Wá bá mi tún àwọn nọ́ọ̀tì yẹn fún dáadáa."

Ó fi gbogbo agbára tẹ sípánà lórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mira. "Bàbá, ó ti le," ló sọ, ojú sì ń tì í láti wò mí.

"Yauwa, ọmọ mi," ni Bàbá wí, wọ́n ń gbá a léjìká. "O ṣé. Ìwọ ni kó o wa ọkọ̀ wálé."

Àbúrò mi nawọ́ sí mi pé kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo bọ́ sídìí sítíárìn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ní kí ẹni tó lágbára jù nínú wa kó ànàmọ́ padà sínú búùtù.