Ọjọ́bọ̀ Orí Ọ̀gán

Mo rántí ìgbà tí mo tún padà di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun, tí ilé-ìwé mi sì wà lórí òkìtì ọ̀gán. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Dírẹ́ktọ̀ ni mí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú oko lọ́hùn-ún, tí èèyàn bá kọjá Idigny ní ilẹ̀ Kétu. Èmi náà ni mo sì ń kọ́ kíláàsì kẹfà, àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àṣejáde. Ẹgbẹ́ mi kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ti di olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́. Á gun alùpùpù wá wo iṣẹ́ mi, èmi á sì máa pè é ní ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ìwé mi ló ń wò dáhùn ìṣirò láyé ìjọ́sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lára gidi. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé àwọn kan ń kọ́ni ní ọgbọ́n ìwádìí nínú ètò ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ìwé ẹ̀rí wọn lè sọ dírẹ́ktọ̀ di olùbẹ̀wò, mi ò bi ìyàwó mi, mi ò bi orí mi pàápàá. Mo forúkọ sílẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kọ́ wa, íńtánẹ́ẹ̀tì kì í sì í dé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ibì kan ṣoṣo tí pọ́tábù, fóònù ọwọ́ mi, ti ń rí i ni orí ọ̀gán gíga kan lẹ́yìn oko àgbàdo. Ni mo bá dá ọgbọ́n. Bí Ọjọ́bọ̀ bá ti mọ́, n ó kọ ẹ̀kọ́ kún ojú pátákó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, n ó ní, "Ẹ dà á kọ, mò ń bọ̀ báyìí," n ó sì gba ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yọ. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni n ó fi dúró lórí ọ̀gán, pọ́tábù lókè, ọrùn ń ro mí. Àwọn obìnrin tó ń lọ oko á máa kí mi: "Dírẹ́ktọ̀, ẹ kú ìdúró o! Ẹ kú orí ọ̀gán o!" Èmi á juwọ́ sí wọn bí ọba. Mo ṣe bí wọ́n ń yẹ́ mi sí ni.

Nígbà tó yá, obìnrin tó ń kọ́ wa ní kí kálukú mú ìṣòro kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó wádìí rẹ̀ dé ìdí. Tèmi ò jìnnà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ìdajì kíláàsì kẹfà kì í wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò kù dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ agbègbè wa mọ̀ pé ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn, oko ni, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo jókòó, mo kọ ohun tí mo rò pé ó fà á: àìmọ̀kan àwọn òbí. Ojú ewé mẹ́rin ni mo fi bú wọn, pẹ̀lú Faransé tó ga ju orí mi lọ. Olùkọ́ wa kà á, ó ní, "Ṣé ẹ ti bi wọ́n?" Ó ní kí n lọ bá wọn, ṣùgbọ́n kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda, kó lè hàn pé mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo gbé ìwé, mo gbé yíǹkì, ó di ojúlé-dé-ojúlé. Ẹ gbọ́, ọmọ bíbí ilẹ̀ Kétu ni mí! Mo mọ ohun tí ìwé àti yíǹkì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Àbúrò bàbá mi tẹ̀ka sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, kó tó mọ̀, wọ́n ti gbin igi tíkì sí oko tó ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìwé àkàjù ti fọ́ mi lójú. Ilé kẹta ni mo dé tí bàbá arúgbó kan fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìtàn, tó kọ̀ tí kò mú un jáde títí mo fi lọ. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti délé-dóko: Dírẹ́ktọ̀ ń ra ilẹ̀ fún àwọn ará Kutọnu! Wọ́n ní ẹ ò rí i bó ṣe ń gun ọ̀gán láti ìgbà yìí wá, àṣé ó ń fi pọ́tábù wọn ilẹ̀ ni! Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ọmọ méje péré ló wà níwájú mi, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tèmi. Èmi tí mò ń wádìí ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ wá, èmi ni mo wá lé ìyókù lọ.

Alága ẹgbẹ́ òbí ló pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ní ẹ ṣàánú mi, mi ò ra ilẹ̀ kankan, ilé-ìwé ni mò ń lọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Dírẹ́ktọ̀ fúnra rẹ̀? Ṣé kò tíì mọ̀wé tó ni?" Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, olórí àwọn tó ń din gàrí, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì mi. Òun ló ní kí n ka ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n. Mo gbé ìwé sókè, mo kà á: "Kí ló dé tí àwọn ọmọ yín kì í fi í wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Ta ló fẹ́ wo ojú ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, Ọjọ́bọ̀ ni ìwọ náà kì í wá. Ọmọ ọmọ mi ní láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ohun tó wà lójú pátákó làwọn ń dà kọ. Mo ní bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kó kúkú wá bá mi bó ẹ̀gẹ́."

Háà! Ilẹ̀ ò kúkú lanu, ǹ bá kó wọnú rẹ̀. Ẹ mọ òwe Sókótó àti ṣòkòtò. Mi ò ní pa á níbí, nítorí ó tó ìgbà mẹ́fà tí alága pa á fún mi lọ́jọ́ náà, tó ń nu omijé ẹ̀rín. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní bí wọ́n bá rán àwọn ọmọ padà, wọn yóò bá mi níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yọjú ní aago mẹ́sàn-án ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, ẹni tí kò bá sì yọjú, kò sí ìwé ẹ̀rí. Kíláàsì mi kún fọ́fọ́ láàárọ̀ náà. Ìyá àgbà gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó ń bó o, ó ń ṣọ́ mi. Bí aago mẹ́sàn-án ṣe lù, ara mi ò gbà á mọ́, mo dìde. Ọ̀bẹ ìyá náà dúró. Mo jókòó padà, a sì ṣe ìṣirò títí ọ̀sán fi pọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé olùwádìí gan-an ni ìṣòro náà. Olùkọ́ wa ní iṣẹ́ náà dára, pé òun rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n òfin lòfin.

Mi ò di olùbẹ̀wò títí dòní. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà yege, inú mi dùn, mo jó. Ìgbà tí mo ka orúkọ dé ìsàlẹ̀ ni mi ò rí ti ọmọ ọmọ ìyá àgbà. Ọjọ́bọ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mi ò lè gba ojúde wọn kọjá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má gbọ́ pé ọmọ náà ti sọdá sí Nàìjíríà.

Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wọlé padà, ìyá náà fà á lọ́wọ́ wá bá mi nínú kíláàsì. Kò bú mi, ìbá sàn kó bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, mo tún mú un wá. Ṣé o máa wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo máa wà, Ìyá." Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa ìwádìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo tún ń dáhùn rẹ̀.