Alwin àti Ẹyẹ Igi Tí Kò Fẹ́ Pa

Àwa ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá là ń gbé Eickelsen, bí a kò bá ka màlúù. Bí a bá ka màlúù, àwa ni àlejò.

Ìlú tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ òṣìṣẹ́ méjì, nítorí náà Alwin Brüggemann nìkan ni òṣìṣẹ́ ìlú. Òun ló ń gé koríko iwájú ilé ìjọsìn, òun ló ń kó yìnyín kúrò lójú títì, òun ló ń kun bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń dúró sí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òun náà ló sì ń gbẹ́ sàréè. Bí Alwin bá kí àwọn àgbà wa pé, "Ṣé ara le?", èsì wọn ni pé, "Ó le, má tíì wọn ilẹ̀."

Ilé mi kọjú sí àgbàlá rẹ̀. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹni tó kọ́ ilé mi ló gbé fèrèsé ilé ìdáná síbẹ̀, òun ni kí ẹ lọ bá wí.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ìgbìmọ̀ ìlú kò gbé fún Alwin, tó sì jẹ́ pé òun ló fẹ́ràn jù. Lọ́dọọdún, bí ọdún ẹgbẹ́ ayìnbọn bá ku bí oṣù méjì, yóò wọ ilé iṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ, yóò gbẹ́ ẹyẹ. Ẹyẹ igi ni, apá rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, adé sì wà lórí rẹ̀. A ó kàn án mọ́ orí òpó gíga lẹ́bàá igbó, àwọn ọkùnrin ìlú yóò sì máa yìnbọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí yóò fi já bọ́. Ẹni tó bá já a bọ́ ni ọba wa fún ọdún kan.

Oyè náà dùn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó so mọ́ ọn. Bí ẹyẹ bá ti já bọ́, wọn a gbé ife bíà lé ọba tuntun lọ́wọ́, kí ìfófó orí bíà náà tó rọ̀ tán, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ayaba rẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Ìyàwó ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ń dárúkọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nígbà ayé bàbá mi, ọkùnrin kan wo ife títí ìfófó fi tán. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti di olóko ńlá báyìí, síbẹ̀ Ilé Ìfófó là ń pe ilé wọn.

Alwin kò ní ìyàwó tí yóò dárúkọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, ó lọ bá ọmọbìnrin kan lábẹ́ àtíbàbà ọdún, ó ní kó jẹ́ kí àwọn jó. Ọmọbìnrin náà fi ohùn òkè dá a lóhùn pé, "Lọ fọ erùpẹ̀ sàréè kúrò lọ́wọ́ ná." Gbogbo àtíbàbà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí títí dòní, nítorí mo rí ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò tún bi obìnrin kankan ní ohunkóhun lójú èèyàn. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni Mechthild Kersting bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè pín lẹ́tà ládùúgbò wa. Opó ni, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Láti ọdún náà ni Alwin ti ń gba ìwé ìpolówó irinṣẹ́ oríṣi mẹ́rin, tí kì í sì í ra nǹkan kan nínú wọn, kí lẹ́tà má baà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mechthild á nà án sí i, á ní, "Ayùn tún dé o, Alwin." Alwin á ní, "O ṣé." Ó tán. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìmọye ìgbà, ó máa ń ní, "O ṣé," fún èmi náà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó fi ń yìnbọn. Òfin ni. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yìn, ẹni tó sì gbẹ́ ẹyẹ kò gbọdọ̀ sá fún ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ nǹkan ló mọ ibi tó le. Alwin máa ń jẹ́ kí ìdí ìrù ẹyẹ ki bí itan lápá òsì, ibẹ̀ náà ló sì máa ń yìn. Ọta á há sínú igi, ẹyẹ kò ní mì, ẹlòmíràn á di ọba. Alwin á gbá ilẹ̀ pápá, á gbé ìrù náà relé, á fi kọ́ sára ògiri.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, yìnyín gbé Alwin ṣubú níwájú ilé ìjọsìn nínú oṣù kẹta. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán, wọ́n sì fi símẹ́ńtì ọsibítù dì í. Ludger, olórí ẹgbẹ́ ayìnbọn, pe ìpàdé nílé ọtí.

"Ta ni yóò bá wa gbẹ́ ẹyẹ?"

Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ife wọn.

"Èmi ni," ni Mechthild wí láti ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń kó lẹ́tà ilé ọtí sílẹ̀. "Káfíńtà ni bàbá mi."

"Mechthild, ẹyẹ là ń wí o, kì í ṣe sítáǹpù," ni Ludger dáhùn.

"Ìwọ gbẹ́ ẹ nígbà náà."

Ludger náà wá wo ife tirẹ̀.

Bí Mechthild ṣe ń wá lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn, tó bá ti pín lẹ́tà tán. Alwin á jókòó lórí àpótí, ọwọ́ símẹ́ńtì lórí itan, á máa júwe. Ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ máa ń ṣí sílẹ̀, fèrèsé tèmi náà sì ń ṣí, nítorí àwo tí mo ní láti fọ̀ pọ̀ púpọ̀ lóṣù náà.

"Jẹ́ kí ìdí ìrù ki," ni Alwin wí lọ́jọ́ kan.

"Kí ló dé?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Apá wo?"

"Apá òsì."

Mechthild gbójú sókè wo àwọn ìrù tó tò sára ògiri, láti orí ti àkọ́kọ́ dé ti èṣí. Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Alwin, òùngbẹ ń gbẹ mí. Lọ po kọfí wá, má sì kánjú."

Ọjọ́ ọdún pé. Fáda ló kọ́kọ́ yìn, ó sì yìn ín sójú ọ̀run. Bóyá ọ̀gá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, adé ti lọ, apá méjèèjì ti lọ, ó ku ara àti ìrù. Ìgbà yẹn ni àwọn ọkùnrin Eickelsen máa ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, nítorí ọba ló ń san owó bíà gbogbo ìlú. Ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ, o yà fún mi. Ọ̀kan yìn ewé. Ọ̀kan ní màlúù òun ń rọbí, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó ti ta màlúù rẹ̀ láti èṣí.

Ludger pe Alwin Brüggemann.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. A máa ń de ìbọn náà mọ́ irin, kí èèyàn kàn darí rẹ̀ kó sì fà á ni. Ọkàn Alwin balẹ̀ bí ẹni tó ń lọ gé koríko. Ó fojú sun ìdí ìrù lápá òsì, ó fà á.

Igi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ìrù là, ó là dé àyà, ẹyẹ pín sí méjì, ó sì ya wálẹ̀ sínú koríko tí Alwin fúnra rẹ̀ gé.

Ludger gbé ife lé e lọ́wọ́. Ìfófó rẹ̀ ga tó ìka mẹ́ta.

"Ọba wa, ta ni ayaba?"

Alwin tẹjú mọ́ ife. Ojú rẹ̀ funfun ju ìfófó lọ. Ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ilé Ìfófó kejì rèé." Mo yíjú, mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìfófó ku ìka méjì. Mo ń gbàdúrà, èmi tí mo rẹ́rìn-ín lọ́dún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn.

Alwin wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó la àárín èrò kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń yan sọ́séèjì, níbi tí Mechthild dúró sí pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ òsì sára ṣòkòtò rẹ̀, ó tún nu ún.

"Mechthild, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ṣèèṣì ni. Bí o bá ní rárá, ó yé mi."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀."

"Kí lo ṣe?"

"Mo gbẹ́ inú ìdí ìrù náà títí ó fi ṣófo, mo wá fi pákó tín-ín-rín bo ojú rẹ̀."

"Lápá òsì? Nínú ilé iṣẹ́ mi?"

"Irinṣẹ́ rẹ náà ni mo lò. Ìgbà tí o lọ po kọfí ni." Mechthild rọra gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Gbogbo ìrù tó wà lára ògiri rẹ, ojú kan náà ni ọta wà. Alwin, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi dúró kí o ṣèèṣì pa ẹyẹ kan. Ó ti sú mi."

Omi lé ròrò lójú Alwin. Ó wo ife. Ìfófó tó kù kò ju okùn funfun kan lọ létí ife. Ó kọjú sí gbogbo ìlú, ọkùnrin tí a kì í gbọ́ ju "O ṣé" lọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì pariwo orúkọ obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn màlúù òdìkejì odò fi dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọba àti ayaba ló kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo lábẹ́ àtíbàbà. Alwin ń lọ́ra láti na ọwọ́. Ó ti gbẹ́ sàréè kan lọ́jọ́ Ẹtì, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná. Mechthild gbé ọwọ́ méjèèjì wò, iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo wa sì ń wò ó. Kò ní kí ó lọ fọ̀ wọ́n. Ó dì wọ́n mú, wọ́n sì jó.