Ọyẹ́ Tí N Kò Fi Ìpara Kan Ọmọ Mi Lára

Lọ́dún tí ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọyẹ́ mú gan-an ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi tí mo bí i kò sì fi ìpara kàn án lára fún odidi oṣù kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn kọjá nínú eérú. Ètè rẹ̀ là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tíṣà rẹ̀ bi mí léèrè lẹ́nu géètì, mo ní ìpara ayé ìsinyìí ló ń ba awọ ara jẹ́, mo sì lejú mọ́ ọn kó má baà bi mí mọ́. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n fẹ́ pa mí, n kò lè sọ òótọ́ ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìtọ́jú ará ìlú. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó, obìnrin tí ọkọ lù bolẹ̀, ọmọ tí wọ́n já sílẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń rán sí wọn. Màá jókòó, màá gbọ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu ẹni náà gan-an la fi ń kọ ọ́, bí ẹni pé òun ló mú bírò lọ́wọ́, kí àwọn ọ̀gá lókè má baà sọ pé a fi tiwa kún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, mo sì máa ń fọ́nnu pé ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ mí lára. Bí mo bá délé, màá tẹ ẹ̀bà, màá jẹ, màá sùn fọnfọn.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan létí omi, ní Ògùn Waterside. Ọkọ̀ ojú omi kan ti dojú dé níbẹ̀, obìnrin kan sì pàdánù ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ ọdún méje. Ìta ilé ló gbé àga fún mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwọ̀n tí wọ́n sá. Kò sunkún. Ó ní ọyẹ́ ń mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ń lọ síbi ìkómọ kan ní òdìkejì odò, òun ò fẹ́ kí àwọn ẹbí ọkọ òun sọ pé òun ò mọ ọmọ tọ́jú. Ó bu ìpara, ó fi pa ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọ ń dán. Nígbà tí ọkọ̀ yí, ó rí ọwọ́ ọmọ mú.

"Mo rí i mú, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mo dì í mú dáadáa. Ìpara yẹn ni ò jẹ́."

Mo ń kọ ọ́ lọ. Ó ní kí n dúró. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ dì mí mú kí ẹ lè mọ̀." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti fi ìpara pa á, n kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó pa á. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ọrùn ọwọ́ kọjá, àtẹ́lẹwọ́ kọjá, ìka kọjá, ó bọ́. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bó ṣe rí nìyẹn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́! Mo wọkọ̀, mo padà sílé ní Òkè-Sopẹn, Ìjẹ̀bú-Igbó, mo jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi wẹ̀ tán, ó gbé ìpara wá fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo ṣí i, òórùn rẹ̀ kọ lù mí, mo dé e padà. Mo ní a ti ń pẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú ní títì, n kò ní tú u sílẹ̀ àfi tó bá kígbe pé mò ń dun òun. Bí mo bá ń fọ abọ́, tí ọṣẹ bá yọ̀ lọ́wọ́ mi, àyà mi á já. Lọ́sàn-án gangan, mò ń gbọ́ ohùn obìnrin yẹn nínú ilé mi, bí ẹni tó jókòó sí kíṣìnnì: "Bó ṣe rí nìyẹn."

Ìyá mi ló tú gbogbo rẹ̀ síta, láìmọ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, Mámu, nítòsí ìlú wa, ló ń gbé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó mú ọmọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàwọn ti sùtánà funfun wọn, láìwọ bàtà. Awọ ara ọmọ tó rí ṣe é láàánú. Lẹ́yìn ìsìn, ó bu òróró àdúrà, ó fi pa á lórí, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, ó sì mú un padà wá fún mi, ara rẹ̀ ń dán yinrinyinrin.

N kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé. Mo ti fa ọmọ náà débi omi, mo ti ń fi kànìnkànìn bó o lára. Ó ń ké, "Mọ́mì, ó ń ta mí!" N kò gbọ́. Ìyá mi ló já kànìnkànìn gbà lọ́wọ́ mi. Apá ọmọ ti bó, ó pọ́n.

"Ṣé orí rẹ pé?" ìyá mi ní. "Ọmọ tí mo fi òróró Ọlọ́run pa, òun lo ń fọ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò?"

Mo dá a lóhùn. Ìjẹ̀bú ilé wa, èyí tó máa ń jáde lẹ́nu mi bí inú bá ń bí mi, ni mo fi dá a lóhùn, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Ó kó aṣọ ọmọ sínú ọ̀rá, ó mú un lọ sí Mámu. Nígbà tí mo lọ wò ó lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yìn ìyá mi ló sá sí. Mo na ọwọ́ sí i, ó kó tirẹ̀ méjèèjì sábẹ́ abíyá. Mo ti rí irú ojú yẹn lójú àwọn ọmọ tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. N kò rò ó rí pé ọmọ mi ni yóò fi wò mí.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Fáìlì obìnrin etí omi yẹn wà níwájú rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka síbi tí orúkọ ọmọ tó kú yẹ kó wà, ó ní, "Orúkọ ta lèyí?" Mo kà á. Orúkọ ọmọ mi ni. Ìkọ̀wé mi ni. Mo ti kọ ọ́ pé mo fi ìpara pa ọmọ mi, pé mo dì í mú, pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fi orúkọ ẹni tó wà láàyè sí i, mo sì buwọ́ lù ú. Mo ń sọ pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," títí ọ̀gá fi dìde lọ ti ilẹ̀kùn.

Òun ló fún mi ní nọ́ńbà obìnrin kan, olùkọ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, tó máa ń tọ́jú ọkàn àwọn nọ́ọ̀sì, panápaná àti irú àwa tí à ń gbọ́ ẹkún ẹlẹ́kún. Mo fárígá. Èmi tí mò ń gba ènìyàn nímọ̀ràn! Àmọ́ mo lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ máàkì fún ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó jókòó, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sunkún níwájú ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi. Mo kúkú sunkún.

Ó ní kì í ṣe wèrè. Ó ní ara mi ti gba ohun tí etí mi gbọ́ bí ẹni pé èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, pé ó máa ń ṣe àwọn oníṣẹ́ bíi tèmi. Nígbà tí mo padà lọ, ó gbé ìpara kékeré kan sórí tábìlì, irú tọmọ mi gan-an. Mo ní kó gbé e kúrò. Ó sún un sẹ́yìn díẹ̀, ó fi í síbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó tún pẹ́ kí n tó fi pa ọwọ́ ara mi. Lọ́jọ́ tó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi, tó ní, "Ẹ dì mí mú, mà, màá fà á," mo bú u. Mo bú u dáadáa. Ó mú sùúrù títí mo fi bú u tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo dì í mú, ó fà á, ó bọ́.

"Ọmọ ta ló wà nínú omi, mà?" ó bi mí.

Mo ní ọmọ obìnrin etí omi yẹn ni. Nígbà tí mo sọ ọ́, ojú tì mí, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọmọ náà padà sínú omi fún ìyá rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Mámu. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ mi jókòó lórí àpótí níwájú ilé, ìpara wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi pa orúnkún. Ó rí mi, ó yára fi aṣọ bò ó. Mo ní, "Jọ̀ọ́, ṣé kí n bá ẹ pa á?" Ó wo ìyá mi. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi láti ibi tó jókòó sí, kò sún mọ́ mi.

Mo bu ìpara. Mo fi pa á láti èjìká wá sísàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ọrùn ọwọ́, ọwọ́ mi fẹ́ fún un pọ̀, ohùn yẹn sì tún dé, "Bó ṣe rí nìyẹn." Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọ mi yọ̀ bọ́, ó sì sá wọ inú ilé.

Mo jókòó síbẹ̀, ìpara lọ́wọ́ mi méjèèjì. N kò pè é. Kí n má parọ́, ó ṣe mí bíi kí n sá tẹ̀ lé e. Ìyá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo mi orí fún un.

Nígbà tó yá, ó jáde wá. Ó dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ òsì.

"Mọ́mì," ó ní, "ó ku èyí."